Tanguiéta: Ìbọn Nìkan Ò Lè Ṣọ́ Igbó

Ẹ̀yin ará wa ní Parakou, Tchaourou àti àwọn abúlé gbogbo, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Tanguiéta lónìí. Kọmúùnù kan ni, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn Bẹ̀nẹ̀, téèyàn bá ti kọjá Djougou àti Natitingou. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbó ọba Pendjari ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Kìnnìún, erin àti ẹfọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2017, UNESCO ka igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé, ìjọba sì fà á lé àjọ African Parks lọ́wọ́.

Nígbà yẹn, àlejò ń wá. Wọ́n á sùn ní Tanguiéta, wọ́n á lọ wẹ̀ níbi tí omi ti ń já látorí àpáta ní Tanongou. Afinimọ̀nà, awakọ̀, ìyá olóúnjẹ, kálukú ń rí nǹkan mú lọ sílé.

Oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni nǹkan yí padà. Wọ́n jí ará Faransé méjì gbé nínú igbó náà, wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń mú wọn rìn. Faransé ní kí àwọn èèyàn òun má débẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2022, àwọn agbébọn pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní igbó W. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, sójà wa 54 ló kú lápá àríwá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìjọba ti kó sójà lọ síbẹ̀ látọdún 2022. Ó dáa, a ò lè ní kí wọ́n má lọ. Àmọ́ bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ tí wọ́n ní kó má dáko ní ẹ̀bá igbó mọ́, darandaran tí kò ríbi da màlúù sí, ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ àlejò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ògiri ti lanu. Agbébọn á wá, á ní òun máa ṣílẹ̀kùn igbó fún wọn, á sì fi owó lé e.

Èrò tiwa ni pé ará abúlé ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ nínú èrè igbó, kí wọ́n gba ọmọ ibẹ̀ síṣẹ́, kí wọ́n gbọ́ ti baálẹ̀ àti ti Fúlàní, kí wọ́n má sì pe gbogbo darandaran ní ọ̀tá. Ará abúlé ló ń kọ́kọ́ rí àjèjì tó bá wọ igbó. Tó bá ń bẹ̀rù sójà bó ṣe ń bẹ̀rù agbébọn, ta ló máa sọ fún?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀nà Kandi tó lọ sí igbó W, Parakou ló ti ń kọjá.