Ẹ̀sùn Tí Mo Kà sí Ẹ̀yin Olólùfẹ́ Obi-Wan Kenobi Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin tí mo pè lẹ́jọ́ yìí, ẹ kì í ṣe ọ̀tá Star Wars. Ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ gbogbo ayé tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń tò síwájú ilé sinimá kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin náà lẹ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé e kiri láti ẹnu dé ẹnu pé fíìmù tí Obi-Wan Kenobi yóò dá ní fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Èmi náà fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí.

Ohun tí mo ń wí kò ju ẹyọ kan lọ. Àhesọ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ kò dúró ní àhesọ. Ó di ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún yín, ìlérí náà di ẹ̀tọ́, ẹ̀tọ́ di ìbínú, ìbínú yẹn sì já lé ẹni tí kò ṣẹ̀ yín lórí. Bí ó ṣe rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ni mo fẹ́ kà síta.

Kí ẹni tí kò mọ ọkùnrin náà lè bá wa dá sí i: nígbà tí George Lucas gbé Star Wars jáde ní ọdún 1977, àgbàlagbà kan wà nínú rẹ̀ tó ń dá gbé ní aṣálẹ̀ Tatooine. Alec Guinness, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Òun ló gbé idà ìmọ́lẹ̀ lé Luke Skywalker lọ́wọ́, tó sì fi ọ̀nà àwọn Jedi hàn án. Nígbà tí ó kojú Darth Vader, ó gbé idà rẹ̀ dúró láyà, ó jẹ́ kí wọ́n ṣá òun, kí àwọn ọmọ tó kó wá lè ráyè sá lọ. Láàárín ọdún 1999 sí 2005, Ewan McGregor, ọmọ Scotland, ṣe ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nínú fíìmù mẹ́ta. Láti ìparí ti 2005 dé ìbẹ̀rẹ̀ ti 1977, ọdún 19 ló wà nínú ìtàn náà tí àwọn fíìmù yẹn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Inú àlàfo yẹn lẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yín.

Ẹ̀sùn kìíní: Ẹ sọ ohun tó wù yín di ìròyìn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Disney kéde pé òun ń ra Lucasfilm ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Bob Iger tó jẹ́ ọ̀gá Disney nígbà náà sọ pé yàtọ̀ sí ìtàn gbòógì, àwọn yóò máa ṣe fíìmù tó dá lórí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, àti pé Lawrence Kasdan àti Simon Kinberg ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ̀wé. Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Nígbà yẹn gan-an ni àhesọ gbòde pé Yoda ni wọ́n máa fi ṣáájú, àwọn mìíràn sì ń búra pé Obi-Wan ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìwé ìròyìn The Hollywood Reporter kọ ọ́ pé wọ́n ti ń bá Stephen Daldry sọ̀rọ̀ bóyá yóò darí fíìmù Obi-Wan. Ìròyìn náà fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò tíì sí ìwé eré. Kí lẹ fi ṣe? Ẹ gé "bóyá" kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ìpolówó fún fíìmù tí kò sí, ẹ gé ojú McGregor nínú fíìmù mìíràn lẹ̀ mọ́ aṣálẹ̀, ẹ fi orin sí i, ẹ pè é ní fídíò ìpolówó, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ pé ayédèrú ni. Àwọn kan nínú yín ń pawó níbẹ̀, torí bí ènìyàn bá ṣe ń ṣí i tó ni owó ṣe ń wọlé tó. Ẹ ta ìrètí ọmọ ọlọ́mọ lọ́jà.

Ẹ̀sùn kejì: Ẹ fi ìbéèrè há òṣèré mọ́ kọ́nà.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, McGregor kò lè polówó iṣẹ́ mìíràn kí ẹnìkan má bi í léèrè Obi-Wan. Bí ó bá ní òun ò mọ nǹkan kan, ẹ ó ní ó ń fi nǹkan pamọ́. Bí ó bá ní yóò wu òun láti ṣe é, ẹ ó kọ ọ́ síta pé ó ti gbà. Ilé iṣẹ́ náà kò sì fún un láyè láti sọ òótọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó jáde sórí pèpéle níbi ayẹyẹ D23 ti Disney ní Anaheim, Kathleen Kennedy tó jẹ́ ọ̀gá Lucasfilm nígbà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà bi òun níwájú gbogbo ẹlẹ́rìí bóyá òun yóò tún ṣe Obi-Wan. Wọ́n bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gbọ̀ngán mì tìtì. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ pé ẹrù ńlá ló kúrò léjìká òun, nítorí ọdún mẹ́rin gbáko lòun ti fi ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Lucasfilm ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀sùn yìí, mi ò sì ní bò ó. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà tí ẹ kò jẹ́ kó simi.

Ẹ̀sùn kẹta: Ẹ ń ké pé ebi ń pa yín nígbà tí oúnjẹ wà nílẹ̀.

Ẹ ní kò sẹ́ni tó sọ ìtàn Obi-Wan ní aṣálẹ̀ fún yín. Ní ọdún 2013, John Jackson Miller kọ odidi ìwé ìtàn kan tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Kenobi, aṣálẹ̀ yẹn gan-an ló sì dá lé. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, eré àwòrán Rebels gbé apá kan jáde tí wọ́n pè ní Twin Suns. Maul, ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́, wá a dé inú iyanrìn lálẹ́. Àgbà náà yọ idà, ó dúró bí ó ti máa ń dúró nígbà èwe, lẹ́yìn náà ó rọra yí ìdúró padà. Idà kan ara wọn bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìjà ti parí. Maul ṣubú, Obi-Wan gbá a mú kó tó délẹ̀, ó sì fọwọ́ gbé ọ̀tá rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ohun tí ọdún gbọọrọ nínú aṣálẹ̀ ti sọ Obi-Wan dà wà nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn: ó ti kọ́ bí a ṣe ń borí láìkórìíra. Mélòó nínú yín ló jókòó wò ó kí ẹ tó máa kígbe pé ẹ kò rí nǹkan kan? Ìdí tí ẹ kò fi kà á sí ni pé kò sí nínú sinimá, kò sì ní ariwo tó.

Ẹ̀sùn kẹrin: Ẹ gbẹ̀san lára fíìmù kan, ẹ sì fọwọ́ ara yín ṣe ara yín.

Rogue One tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ó fi hàn pé fíìmù tó dá dúró lè gbé ara rẹ̀. Nígbà tí The Last Jedi jáde ní òpin ọdún 2017, inú bí ọ̀pọ̀ yín, àwọn kan sì búra pé àwọn ò ní fi owó àwọn wo Solo tó tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Solo kò pa ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 393 dọ́là lọ káàkiri ayé, wọ́n sì pàdánù. Mi ò ní ẹ̀yin nìkan lẹ pa á. Wọ́n lé olùdarí méjì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Phil Lord àti Chris Miller, wọ́n gbé Ron Howard wá láti tún èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ yà, owó fò sókè, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn èyí tó bí yín nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń yọ̀ pé ó ṣubú. Ohun tó ṣubú pẹ̀lú rẹ̀ ni fíìmù Obi-Wan tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún, èyí tí Stuart Beattie ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fún sinimá. Wọ́n dá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ dúró, ti Obi-Wan sì di eré tẹlifíṣàn alápá mẹ́fà.

Ẹ̀sùn karùn-ún: Ẹ fi ìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ yín.

Èyí ló wúwo jù, òun ló sì mú mi wá sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 2022, eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí Disney+. Deborah Chow ló darí rẹ̀. McGregor padà, Hayden Christensen padà gẹ́gẹ́ bí Vader, gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ló pé. Obìnrin kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ kò retí: Moses Ingram, òṣèré adúláwọ̀ ará Baltimore, tó ṣe Reva, ọdẹ tó ń lépa àwọn Jedi, tí a sì wá mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọdé tó yè bọ́ nígbà tí wọ́n pa àwọn Jedi nípakúpa. Nínú fíìmù tí ẹ ti yà sínú orí yín láti ọdún 2013, kò sí Reva. Nígbà tó yọjú, ẹ wò ó bí ẹni tó já wọ ilé onílé.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí obìnrin náà fi àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lórí Instagram hàn. Ẹnìkan kọ ọ́ pé torí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò ní rántí rẹ̀. Òmíràn ní ọjọ́ rẹ̀ ti níye. Àwọn kan pè é ní orúkọ tí mi ò ní kọ síbí. Ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ ló wà. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé Lucasfilm ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n ti mọ̀ yín mọ́ ọn. McGregor ní láti ya fídíò, kó jókòó síwájú kámẹ́rà, kó sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ kì í ṣe olólùfẹ́ Star Wars lójú òun.

Kò sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Kelly Marie Tran, òṣèré Star Wars mìíràn tí òbí rẹ̀ wá láti Vietnam, pa gbogbo àwòrán rẹ̀ rẹ́ lórí Instagram ní ọdún 2018. Ó kọ ọ́ sínú New York Times lọ́dún yẹn pé díẹ̀díẹ̀ lòun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bú òun gbọ́ nípa ara òun. Ṣáájú rẹ̀ ni John Boyega, ọmọ wa, Adégbóyèga tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù fún òbí ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, fídíò ìpolówó The Force Awakens bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó ń làágùn nínú aṣálẹ̀, aṣọ ogun funfun lọ́rùn rẹ̀. Ojú yẹn nìkan ti tó fún àwọn kan láti pariwo pé ọmọ ogun stormtrooper ò gbọdọ̀ dúdú. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Ní ọdún 2020 ló wá sọ fún GQ pé ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú fi òun polówó ọjà tán, wọ́n sì tì òun sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin Yorùbá tó wà láàárín àwọn tí mò ń bá wí, ẹ̀yin tí ẹ yangàn pé ọmọ wa wọ Star Wars, kí lẹ sọ nígbà tó kan Moses Ingram? Ọ̀pọ̀ wa ló dákẹ́.

Ẹ̀sùn kẹfà: Ẹ kò mọ ìgbà tó tó.

Eré Obi-Wan náà parí ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 2022. Àhesọ apá kejì kò jẹ́ kí iná rẹ̀ kú tán. Ẹnìkan tilẹ̀ gé apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ra di fíìmù bíi wákàtí méjì àbọ̀, kí ó lè jọ èyí tí wọ́n fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alec Guinness ti rí irú ebi yìí tipẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní ọdún 1999, ó sọ nípa ọmọdékùnrin kan tó fi ìgbéraga sọ fún un pé òun ti wo Star Wars ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Àgbà náà bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣèlérí pé òun kò ní wò ó mọ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ bínú. Àwọn ènìyàn ń pe Guinness ní òǹrorò nítorí ìyẹn. Lójú tèmi, iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe: ó rí i pé ọmọ náà ti ń fi ìtàn rọ́pò ayé.

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi gbèjà ara yín. Ẹ ó ní àlá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àti pé bí kì í bá ṣe ariwo yín, wọn kì bá tí pe McGregor padà. Mo gbà á. Ìfẹ́ yín ló dá a padà, mo sì dúpẹ́. Ẹ ó tún ní àwọn díẹ̀ ló kọ èébú sí Ingram, pé kì í ṣe gbogbo yín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ yẹn kò hù láti inú ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn fún ọdún mẹ́sàn-án pé fíìmù yìí jẹ́ tiwọn, pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é yàtọ̀ sí èrò wọn ti jí nǹkan wọn gbé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́ lójú yín.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé fíìmù kan ń bọ̀, kó sọ ẹni tó sọ fún un àti ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kó fi "bóyá" sí ibi tí "bóyá" wà. Ẹni tó bá ya ayédèrú àwòrán, kó kọ ọ́ sójú rẹ̀ gàdàgbà pé ọwọ́ òun ni. Kí ẹ fi òṣèré sílẹ̀ kó polówó iṣẹ́ tó gbé wá. Nígbà tí eré tuntun bá dé, ẹ wò ó bó ṣe wà, ẹ bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé eré, ìdarí àti ìṣeré bí kò bá dára, ẹ má fọwọ́ kan àwọ̀ ẹni tó ṣeré. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń kọ irú ohun tí wọ́n kọ sí Moses Ingram, ẹ dá a lẹ́kun níbẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ má dúró dìgbà tí òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní láti ya fídíò gbèjà rẹ̀.

Ẹjọ́ mi rèé. Ẹ dìde, ẹ wí tẹnu yín.