Ẹ Jẹ́ Ká Ka Táyà Bọ́ọ̀sì Náà Ká Tó Wọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, owó ìrìn àjò wa sí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ti ń wọlé. Gbogbo ẹnu ló ń sọ nípa aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ àti ìrẹsì tí wọ́n máa gbé dání. Mi ò tíì gbọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè pé irú táyà wo ló wà lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá gbé wa.

Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ wa ni láti wo táyà yẹn ká tó wọkọ̀. Kò le rárá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Níparí rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tó bá jẹ́ 3518, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ inú ni nọ́ńbà yẹn máa ń wà, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ kó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó (tọ́ọ̀ṣì gidi o, kì í ṣe ti fóònù, ẹ mọ òfin ilé ìwé). Àwọn FRSC máa ń sọ pé táyà tó bá ti lé ní ọdún 4 kò yẹ lójú pópó mọ́.

Mo ti dán an wò níbi tí àwọn olùkọ́ wa ń gbé ọkọ̀ sí. Mo rí 0911 lára táyà kan. Táyà yẹn ju àwọn ọmọ JSS 1 lọ lọ́jọ́ orí! Ẹ má bi mí pé ta ló ni ọkọ̀ náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ojú táyà náà ṣì ní ìlà dáadáa, ó sì dúdú mìnìjọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn. Rọ́bà máa ń gbó bí kò tiẹ̀ rìn, á gan, á wá máa sán wẹ́wẹ́.

Bọ̀dá fọkanáísà tó wà níwájú géètì wa ní tókúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà ò ṣe táyà mọ́ ní Ìkẹjà láti 2008. Láti òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ti ń wá báyìí. Àwọn tó ń kó o wá tún máa ń ki táyà kan bọ inú òmíràn kó lè gba ibi kékeré, wáyà inú rẹ̀ á sì ti bàjẹ́ kó tó dé ọjà.

Àwọn kan á ní kò sówó. Òótọ́ ni, mi ò lè bá olùkọ́ tó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta jà nítorí táyà. Àmọ́ bọ́ọ̀sì tí a sanwó fún ńkọ́? Ẹni tó fi ń pawó yẹ kó lè ra táyà. Kò sì yẹ kí wọ́n há wa mẹ́rin sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Bí èrò bá pọ̀ jù, tí afẹ́fẹ́ ò sì tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, ooru á mú un, ó lè bẹ́ lórí eré.

Tó bá wá bẹ́, a ó ní ayé ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. FRSC ní táyà ẹ̀yìn ló bẹ́ lórí eré, àti pé àwọn tó jókòó sẹ́yìn ò de bẹ́líìtì. Ayé wo ló wà nínú ìyẹn?

Bí táyà bá kàn jò, iṣẹ́ awakọ̀ ni kó gbé ọkọ̀ kúrò lọ́nà pátápátá, kó fi òkúta dí ẹsẹ̀ ọkọ̀, kó tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ kó tó fi jáàkì gbé e. Tiwa ni mo ń bẹ̀rù. A mọ ara wa. A ó sọ̀ kalẹ̀, a ó lọ dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀sì lójú títì, a ó máa ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, inú koríko ni ká lọ, jìnnà sí títì, kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì.

Mo ti sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa pé màá wà ní géètì ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú bírò àti ìwé. Màá ka táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, màá sì béèrè bóyá sípíà ní afẹ́fẹ́. Mo ń wá ẹnì kan tó máa bá mi mú tọ́ọ̀ṣì dání.