Kí ẹni tó ń ra òkúta Dassa gbé omi dání
Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òkúta wẹ́wẹ́ ní Dassa-Zoumè, ìlú olókè mọ́kànlélógójì, ẹ gbọ́ o. Eruku tó ń bo àwọn ìyá tó ń fi òòlù fọ́ òkúta níbẹ̀ kì í ṣe eruku lásán. Bí wọ́n bá fà á símú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró á gbé e mì bí ìgbà tí wọ́n ń gbé kòkòrò àrùn mì. Kòkòrò á kú. Òkúta kì í kú. Sẹ́ẹ̀lì ló ń kú, eruku á tún jáde, òmíràn á tún gbé e mì. Àpá á kún ẹ̀dọ̀fóró, ikọ́ ife á sì ráyè wọlé.

Kò sí oògùn tó ń mú àpá yẹn kúrò. Lókè òkun, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì ara a máa bá tuntun jà bí àjèjì. Oògùn tó ń dá wọn lẹ́kun di lílò títí ayé. Ìyá wo ló fẹ́ rí owó ìyẹn nídìí òkúta?

Omi tí a wọ́n sí òkúta kó tó di fífọ́ ló ń mú eruku rọlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kì í pọ̀ lórí òkè wọ̀nyẹn. Ẹni tó ní ọkọ̀ ló lè gbé e wá.