Ìkìlọ̀ Kò Gbọdọ̀ Pẹ́ Ju Omi Lọ: Òpó, Wáyà àti Rédíò ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó ń jáde. Ọ̀pọ̀ ìròyìn lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò lè dúró fún wákàtí méjì: ìkìlọ̀ pé omi ń bọ̀ wá bá ènìyàn nílé. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, àti ohun tí ó lè dá a dúró lọ́nà.

Odò Ògùn la Abẹ́òkúta kọjá. Lókè ìlú ni odò Ọ̀yán ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀, orí Ọ̀yán yìí sì ni wọ́n kọ́ dáàmù sí, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983. Dáàmù náà lè gba omi tó 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì. Bí òjò bá pọ̀ jù, àwọn alábòójútó rẹ̀, ìyẹn Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, ní láti tú lára omi náà sílẹ̀ kí dáàmù má baà wó. Abẹ́òkúta ni omi náà yóò gbà kọjá kí ó tó forí lé Ìṣẹrí àti Èkó.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, odò Ògùn kún, ó sì ya wọ ilé ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Keje ọdún 2018, òjò ńlá dá àgbàrá sílẹ̀ láàárín ìlú, ó sì gba ẹ̀mí àti dúkìá. Omi odò máa ń fún ènìyàn láyè díẹ̀. Àgbàrá kì í fúnni láyè. Nítorí náà, ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ yá.

Ìkìlọ̀ ní ipa ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Ó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wo omi àti ojú ọjọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Àjọ Tí Ń Rí sí Ìṣẹ̀lẹ̀ Pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, OGSEMA, kí ó tó dé orí rédíò, fóònù àti etí ará ìlú. Ibikíbi lójú ọ̀nà yìí ni ó ti lè já.

Ibi àkọ́kọ́ ni iná. Òpó fóònù kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná mànàmáná, jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì. Bí iná bá lọ, tí epo dísù tán, tí àwọn olè sì ti jí bátìrì gbé, gbogbo àdúgbò tí òpó náà ń bójú tó yóò dákẹ́. Ibi kejì ni wáyà fáíbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì. Katakátá tí ń ṣe ọ̀nà tàbí ẹni tí ń gbẹ́ kòtò lè gé e láìmọ̀. Ní 28 oṣù Kejì ọdún 2024, gígé irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní ibi mélòó kan dá ìpè àti íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ní Nàìjíríà. Ibi kẹta ni èrò. Nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ènìyàn a máa pè lẹ́ẹ̀kan náà, ìpè kò sì ní wọlé mọ́.

Ibi kẹrin jẹ́ ti ilẹ̀ wa gan-an. Wòkí-tókì tí àwọn agbófinró àti òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ń lò máa ń fẹ́ ojú ọ̀nà tí kò sí ìdínà. Òkè àti àpáta tí ó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lè dí ohùn lọ́nà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn, tí ó sì ń tún un rán síwájú, fi gbọ́dọ̀ wà lórí ibi gíga, kí a sì máa tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Rédíò ni ọ̀nà kejì tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kú. Bí ẹni mẹ́wàá tàbí ọ̀kẹ́ márùn-ún bá ń gbọ́ OGBC lórí 90.5 tàbí Paramount FM lórí 94.5, ohùn kò ní fún pọ̀. Rédíò kékeré oníbátìrì yóò sì máa sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n bí epo bá tán ní ilé iṣẹ́ rédíò, tí kò sì sí ẹ̀rọ kejì, gbogbo olùgbọ́ ni yóò pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rọ nìkan kò sì tó. Ní agbègbè Valencia ní Sípéènì, ní 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìkìlọ̀ wọ orí fóònù àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n agogo mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá, omi sì ti gbé ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ìpinnu ni ó pẹ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ ìjọba ni láti rí i pé ẹni tí yóò pàṣẹ ìkìlọ̀ ti di mímọ̀ kí òjò tó dé, pé a ń dán ẹ̀rọ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé epo wà ní ìpamọ́, àti pé àwọn tí ń ṣe ọ̀nà ń bá àwọn oníwáyà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Òfin náà ti wà. Ní ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tí ó ka àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ kún dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè. Lábẹ́ òfin ọdún 2015 tí àṣẹ náà dúró lé, ẹni tí ó bá ba irú dúkìá bẹ́ẹ̀ jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún mẹ́wàá láìsí àyè owó ìtanràn.

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa, a rọ̀ yín pé kí ẹ ní rédíò oníbátìrì nílé, pàápàá ẹ̀yin tí ń gbé etí odò. Bí ẹ bá rí ẹni tí ń tú bátìrì tàbí wáyà lára òpó, ẹ fi tó agbófinró létí. Nọ́mbà pàjáwìrì 112 kò gba owó. Ẹ má ṣe fi ṣeré, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, nítorí ìpè àwàdà lè dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí omi ti ká mọ́lé. Bí ìkìlọ̀ bá sì dé, ẹ má dúró kó ẹrù. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́.