Ẹ Má Pè É Ní Bọ́ọ̀lù Lásán

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Campos ní Èkó, mo ń wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ girama méjì ṣe ń figa gbága lórí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìparí, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó bú sẹ́kún. Òun fúnra rẹ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù náà o. Ó kàn wá kígbe fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ fà á lápá, ó ní, "Dákẹ́ jàre. Ṣé nítorí bọ́ọ̀lù lásán?"

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi sùn, ó sì bá mi jí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni bàbá náà fi sọ ọ́. Síbẹ̀, irọ́ ni ó pa fún ọmọ rẹ̀, irọ́ tí ó ti di ohun ìmúra láàrin àwa tí a ka ara wa sí ọ̀làjú, mo sì fẹ́ ta kò ó.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Ní ọdún 1981, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà. Union Douala ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni ó gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́. N kò lè gbàgbé bí ilé wa ṣe rí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í ti í dákẹ́, yí ojú rédíò sí ògiri, ó sì wọ yàrá lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà tọ̀ ọ́ lọ. Bí ó ṣe gbé e wọlé náà ni ó ṣe gbé e jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí a tó múra ilé ìwé tán, ó ti fọ aṣọ Stores rẹ̀, ó sì ti sá a sórí okùn níwájú ìta, níbi tí gbogbo ẹni tí ń lọ sí ọjà yóò ti rí i. Bí àwọn ènìyàn ti ń kọjá ni wọ́n ń kí i. "Ẹ kú ìrọ́jú" ni wọ́n ń wí. Ìyá arúgbó kan, tí n kò gbà pé ó mọ gòólù yàtọ̀ sí kọ́nà, dúró pẹ̀lú igbá rẹ̀ lórí, ó ní kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́fọ̀ ti í ṣe. Ní ọjọ́ kẹta ó ká aṣọ náà, ó tan rédíò rẹ̀, ariwo ẹnu rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Fún àǹfààní àwọn tí wọn kò bá ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Stores jẹ́. Olóyè Israel Adébàjọ́, oníṣòwò ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1958. Ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ wa ní 1967 àti 1968. Nígbà tí Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Mexico ní 1968, tí àwọn ọmọ wa bá Brazil ta ọ̀mì gòólù mẹ́ta sí mẹ́ta, Peter Fregene, aṣọ́lé Stores, ni ó dúró sẹ́nu ilé. Adébàjọ́ kú ní 1969, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkó kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. "Adebajo Babes" ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà títí. Ta ni ó rí Haruna Ilerika lórí pápá Ọ́níkan tí kò ní sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ? Peter Rufai pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ wọn ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni ẹgbẹ́ tí aṣọ rẹ̀ wà lórí okùn níwájú ilé wa.

Ẹnìkan yóò ní, "Ṣé o fẹ́ fi bọ́ọ̀lù wé ikú ni?" Rárá o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni Yorùbá ti ń dúró de ikú kí ó tó kí ènìyàn? Ẹni tí ó pàdánù ọjà, a ní "ẹ kú àdánù". Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé, a ní "ẹ kú ewu". A ń kí ẹni tí ó jókòó, a ń kí ẹni tí ó dúró, a ń kí ẹni tí òjò pa. Èdè tí ó ní ìkíni fún òjò ni ẹ wá fẹ́ sọ fún pé kò sí ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ti fi oṣù mẹ́fà retí ohun kan, tí ohun náà sì bọ́ sọnù níṣojú rẹ̀! Ẹ sì wo ipò tí alátìlẹ́yìn wà. Agbábọ́ọ̀lù lè sáré sí i. Olùkọ́ wọn lè pààrọ̀ ènìyàn. Alátìlẹ́yìn kò ní agbára kankan ju ojú àti ohùn lọ. Ìrora tí ọwọ́ ẹni kò lè bá a jà ni ó ń jẹ, ẹ ò sì tún ní jẹ́ kí ó fi ẹnu sọ ọ́. Ara kò mọ ohun tí ń jẹ́ lásán. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé àwọn kan ṣubú, wọ́n sì kú, níbi tí wọ́n ti ń wo ìdíje Nàìjíríà pẹ̀lú South Africa. Ìdíje tí a borí nìyẹn o.

Èkó gan-an kọ́ ni ó yẹ kí a ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú tí ó ń fún ẹni ńlá rẹ̀ tí ó lọ ní Ẹ̀yọ̀, tí ó ń wọ agbádá funfun, tí ó ń gbé ọ̀pá-ńbàtà, tí ó ń bọ́ bàtà ẹnikẹ́ni tí ó bá yọjú sí títì, tí ó sì ń ní kí obìnrin tú irun ṣùkú rẹ̀! Bí òde Ẹ̀yọ̀ bá ti parí, ó parí nìyẹn. Ọ̀fọ̀ ní aṣọ, ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní àkókò tí ó ń wọlé. Mo gbà pé ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi okùn aṣọ ṣe ní 1981, ẹ̀yà kékeré nínú ọgbọ́n yìí ni, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ní fẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a kò ti ní irú ètò yìí, ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn Àgùdà tí ó kọ́ ilé ní Pópó Àgùdà, ọ̀dọ̀ Brazil ni wọ́n ti wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a lọ sí Brazil. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1950, Uruguay fi gòólù méjì sí ẹyọ kan gba ife àgbáyé lọ́wọ́ wọn ní pápá Maracanã. Brazil jọ̀wọ́ aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ ní ọjọ́ náà, wọ́n sì yan aláwọ̀ ìyeyè. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mú aṣọ́lé wọn, Barbosa, aláwọ̀ dúdú, wọ́n di ẹ̀bi náà rù ú, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2000. Ní 1994, Andrés Escobar ti Colombia ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi yìnbọn pa á ní Medellín. Àwa náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, ní Sùúrùlérè níhìn-ín, Victor Ikpeba gbá pẹ́nárítì sí Kamẹrúùnù, bọ́ọ̀lù náà lu igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀, rẹfirí ní kò wọlé. Kanu pẹ̀lú pàdánù tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ta ni a ń bú títí di òní? Àwọn tí a sọ fún pé bọ́ọ̀lù lásán ni kò dákẹ́. Wọ́n wá ẹni tí wọn yóò pa jẹ ni.

N kò ní fi ìbòjú bo ojú tiwa. Àwọn kan nínú àwa ọmọ Stores a máa sọ òkò nígbà tí nǹkan bá burú ní Ọ́níkan, àwọn tí ó ní ìsọ̀ nítòsí a sì máa tètè ti ilẹ̀kùn. Olè àti ọmọ ìta wà láàrin wọn, n kò sì ní àwáwí fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò sọ òkò rí. Ibi tí ó gbé ìrora rẹ̀ sí kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ráyè.

Ẹ̀sùn tí ó wù mí jù láti fi kàn wá nìyí. Ọdún kan lẹ́yìn Union Douala, ní 1982, Stores gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ wa. Ó tún gbà á ní 1990, ó sì gba lígì ní 1992. Lẹ́yìn náà ó rì. Àwọn mìíràn yóò sọ ti owó, wọn yóò sọ ti ẹjọ́ àti ìṣàkóso. N kò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ó ń rì, àwa kò sí níbẹ̀. A ti kó ẹrù wa lọ sí England. Èmi pẹ̀lú. Nígbà tí Kanu lọ sí Arsenal ní 1999, mo bá a lọ, n kò sì padà. Bọ́ọ̀lù lásán ni, àbí? Bí ti ibí bá ń dunni, kí a mú òmíràn tí kò lè dunni tó bẹ́ẹ̀.

Ó dunni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ṣe dunni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, mo wà ní ilé ìwòran kan ní Láfíàjí nígbà tí Barcelona gba ife Yúróòpù mọ́ Arsenal lọ́wọ́ ní Paris, méjì sí ẹyọ kan, lẹ́yìn tí àwa ni a kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé. Ìdajì àwọn tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ Chelsea fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo dá rìn lọ sílé. Ní òwúrọ̀, ta ni n bá sá aṣọ fún? Ta ni, ní gbogbo àdúgbò, ni ó pàdánù ohunkóhun? Nísinsìnyí tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ọmọdé kò tilẹ̀ ṣọ̀fọ̀ ẹgbẹ́ mọ́. Owó tí wọ́n fi ta á ni wọ́n ń sunkún rẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ bá bàbá tí mo rí ní Campos sọ̀rọ̀, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ yín kò sunkún nítorí bọ́ọ̀lù lásán. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, aṣọ tí ó ń wọ̀ láràárọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún dé ilé. Bí ó bá kọ oúnjẹ lálẹ́, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ dè é. Kí ẹ sì bi í ní ọjọ́ tí wọn yóò tún gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ.