Ṣé Ikú Tọ́ sí Socrates?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ti dá láti ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, tí n kò lè fọwọ́ sí títí di òní. Ìlú Athens, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ni wọ́n ti dá a. Socrates, arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún, ni olùjẹ́jọ́. Meletus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí, pé ó ń mú ti àjèjì wọlé, àti pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́.

Kí ló ń ṣe gan-an? Ìbéèrè ló ń bi èèyàn. Yóò bi ọ̀gágun pé kí ni ìgboyà, yóò sì máa bi í lọ títí ohun tí onítọ̀hún rò pé òun mọ̀ yóò fi tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ olówó a máa tẹ̀ lé e kiri, wọ́n a máa rẹ́rìn-ín, wọn a sì lọ dán irú rẹ̀ wò lára àwọn mìíràn. Ẹ̀yin náà mọ bí ojú bàbá ti máa ń rí nígbà tí ọmọ bá ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò níwájú àlejò.

Síbẹ̀, n kò gbà pé ìbéèrè nìkan ló pa á. Ní ọdún 404, Sparta ṣẹ́gun Athens, ọgbọ̀n ọkùnrin sì gba ìjọba, wọ́n ń pa aráàlú, wọ́n ń gba dúkìá wọn. Critias, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, ti bá Socrates rìn rí. Nígbà tí ìjọba aráàlú padà dé, wọ́n búra pé àwọn kò ní í pe ẹjọ́ nítorí ohun tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Èrò tèmi ni pé lára olùkọ́ ni wọ́n ti gbẹ̀san ohun tí ọmọ ẹ̀yìn ṣe.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ọgbọ̀n ọkùnrin náà ti pàṣẹ fún Socrates àti àwọn mẹ́rin mìíràn rí pé kí wọ́n lọ mú Leon ará Salamis wá fún pípa. Àwọn mẹ́rin lọ. Socrates gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá ìlú?

N kò sọ pé ó mọ ẹjọ́ rò. Nígbà tí wọ́n ní kí ó dárúkọ ìyà tó tọ́ sí i, ó ní kí ìlú máa bọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbà láti san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ikú.

Ibi tó dùn mí jù ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Crito ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a ní kùtùkùtù. Owó tí yóò fi sá lọ ti wà nílẹ̀. Ó bi í pé ta ni yóò tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Socrates ní abẹ́ òfin Athens ni òun gbé dàgbà, òun kò sì kó lọ nígbà tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Òun kò ní í sá fún òfin náà báyìí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò tù mí nínú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ikú rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá Xanthippe, aya rẹ̀, lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kékeré. Ẹkún ló ń sun. Socrates ní kí ẹnì kan mú un lọ sílé.