Ọwọ́ Tó Mọ Ẹran

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí a ṣe Iléyá ọdún tó kọjá nígbà tí ìyá mi fi okùn àgbò kan lé mi lọ́wọ́ nílé wa ní Ìkàrẹ́, wọ́n ní kí n mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀kà. Iṣẹ́ náà tóbi ju bí ẹ ti rò lọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti bàbá mi, ẹsẹ̀ wa kò kan ẹnu ọ̀nà wọn mọ́. Odidi ọdún kan ni ìyá mi fi èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́ àgbò náà, kí a lè fi tọrọ àlàáfíà.

Mo gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá. Mo lè ki ẹṣin, mo lè ki àgbò, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi bí a ṣe ń fa èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀yìn takisí ni àgbò náà wà títí a fi dé ẹsẹ̀ òkè Ọ̀kà, níbi tí awakọ̀ ti ní òun kò lọ síwájú mọ́. Bí mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tilẹ̀. Mo fà á, òun náà fà mí. Mo kọjú sí i, mo tẹjú mọ́ ọn, mo jágbe mọ́ ọn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ fun fèrè, okùn yọ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bó mi ní àtẹ́lẹwọ́, àgbò sì gba àárín títì lọ. Àlàáfíà ìdílé wa ló ń sáré níwájú táyà yẹn. Díẹ̀ ló kù.

Ọmọkùnrin Fúlàní kan tó ń bá alápatà da màlúù méjì kọjá ló gbà mí. Kò sáré, kò pariwo. Ó so àwọn màlúù mọ́ igi, ó wá ń rìn bọ̀ bí ẹni tí kò tilẹ̀ rí àgbò, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ wà níbòmíràn. Bí ẹran náà bá gbórí sókè, yóò dúró. Bí ó bá rẹ orí sílẹ̀, yóò tún gbé ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó dé ibi èjìká rẹ̀, ó tẹ okùn mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó kọjú síwájú, ó ń lọ láìwẹ̀yìn. Àgbò náà tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà.

“Àǹtí,” ó ní, “ẹ̀ ń wò ó lójú jù. Ẹ̀rù tó ń bà yín ló ń ba òun náà.”

Mo rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí mo kà nípa ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní Sweden ní ọdún 2009. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fa ẹṣin kọjá ibì kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí wọ́n tó lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n sọ fún wọn pé a óò ṣí agboòrùn lójijì bí ẹṣin bá ti ń kọjá. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Síbẹ̀, àyà ẹni tó ń fa ẹṣin ń lù kíkankíkan, àyà ẹṣin náà sì ń lù sí i. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ èjìká yẹn: ojú màlúù wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ àyàfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Bí o bá sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn èjìká, iwájú ni yóò lọ. Bí o bá bọ́ síwájú èjìká, yóò dúró tàbí kó padà. Ọmọkùnrin yẹn kò nílò ìwé kankan kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹran tó lágbára kì í ṣe ohun tí a fi ọkàn balẹ̀ wò ní Àkókó. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe ló ń kó wa lẹ́rú. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa sá lọ, nítorí ẹṣin kò lè gun àpáta. Lónìí, màlúù ló fa wàhálà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹran jẹko káàkiri léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. N kò bá òfin náà jà. Mo mọ àgbẹ̀ tí màlúù jẹ oko rẹ̀ run. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ máa sin màlúù nínú ọgbà, ta ni yóò kọ́ àwa tí àgbò kan ṣoṣo ń fà kiri?

Ọmọkùnrin náà fà á dé ìdajì òkè, ó fi okùn lé mi lọ́wọ́, ó ní ọ̀nà ni kí n máa wò. Mo wo ọ̀nà. Àgbò rìn.

Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọn kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbò, wọ́n rọra họ ọ́ lọ́rùn, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àtẹ́lẹwọ́ mi tó bó.

“Ìwọ lo fà á, àbí òun ló fà ọ́?”

“Òun ló fà mí, Bàbá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wọlé wá mu omi, kí n sì bá àwọn pe bàbá mi lórí fóònù.